Èsì: Ṣé ayé òde òní ló mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀?
Ẹ kú àdúrótì àbúrò yín tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá ayé òde òní ló mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀ báyìí. Ìdáwà wà níbẹ̀ gan-an, lójú tèmi. Nílé bàbá wa ní Ìjọmu, l'Ákùúrẹ́ níbí, bí èèyàn ò bá yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Nínú yàrá tí mo háyà ní Ọ̀bà-Ilé, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dùbúlẹ̀, ẹ̀bà gbẹ sínú abọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn fi ìdá 25 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dún àkọ́kọ́ àrùn Kòrónà, nígbà tí oníkálukú tìlẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àbúrò yín lọ rí dókítà. Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ.