Ṣé Ògbóni àti Freemason ò ní parẹ́? Ìtumọ̀ "Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta"

Àbúrò wa kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, béèrè ohun tí àwọn àgbà ń sọ tí wọ́n bá ní "Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta". Ó tún béèrè bóyá Ògbóni àti Freemason, ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ àwọn òyìnbó, ò ní parẹ́, nígbà tí ọ̀dọ́ kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Àbúrò mi, Ilẹ̀ ni ẹnìkẹta. Bí méjì bá mulẹ̀, Ilẹ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ni ẹlẹ́rìí, òun náà ló sì ń mú ọ̀dàlẹ̀. Wo edan, àmì Ògbóni, dáadáa: ère idẹ méjì, akọ àti abo, ẹ̀wọ̀n so orí wọn pọ̀, irin sì yọ ṣóńṣó nísàlẹ̀ kí ó lè gúnlẹ̀. Kò sí akọ láìsí abo níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí Erelú, olóyè obìnrin, fi ń jókòó pẹ̀lú Olúwo àti Apènà, àwọn olóyè ọkùnrin.

Freemason náà ń búra, àmọ́ ìwé mímọ́ ni wọ́n ń gbọ́wọ́ lé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà. Iṣẹ́ àwọn agbẹ́kùúta ni wọ́n ti mú àmì wọn. Ní London, lọ́jọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1717, lọ́ọ̀jì mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́ Freemason, para pọ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ àgbà kan. Àlùfáà Áńgílíkà kan, T.A.J. Ògúnbíyì, ló dá Ògbóni àwọn onígbàgbọ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1914, èyí tó wá di Reformed Ogboni Fraternity. Jọ̀ọ́, má pa ìyẹn pọ̀ mọ́ Ògbóni ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá.

Nígbà tí Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan gbé Ògbóni tirẹ̀ wá. Ilédì, ilé ìpàdé Ògbóni, ni wọ́n ti ń dájọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ ìlú. Okùkẹnù, tó kọ́kọ́ jẹ Aláké níbí ní 1854, inú oyè Ògbóni ló ti bọ́ sórí ìtẹ́. Ọba kò lè dá ìlú ṣe láìsí Ògbóni.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláàsì ló pa Ògbóni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló dùn mí jù. Òyìnbó gba òmìnira Ẹ̀gbá ní 1914, ẹjọ́ bọ́ sọ́wọ́ kóòtù, àṣírí nìkan ló wá ṣẹ́kù. Àṣírí tí kò ní iṣẹ́ nínú sì ń ba ọmọdé lẹ́rù lásán. Ní London, wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn Freemason fún àlejò láti wò, ìbúra wọn kò sì tìtorí ìyẹn bà jẹ́. Ilédì kò nílò kí gbogbo ènìyàn wọlé. Ó nílò kí aráàlú mọ oore tí ó ń ṣe. Ẹjọ́ ilẹ̀ pọ̀ ní kóòtù Ìsàbọ̀ báyìí. Bí àwọn àgbà ilédì bá lè jókòó parí díẹ̀ nínú rẹ̀, ní gbangba, àwọn ọ̀dọ́ á fẹsẹ̀ ara wọn wá béèrè ohun tí edan túmọ̀ sí.