Èlé CBN ti wálẹ̀: ṣé kí n kó owó mi kúrò ní fíìsì?

Ìbéèrè: Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Mo ta ilẹ̀ kan, mo sì fíìsì mílíọ̀nù mẹ́ta náírà sí báńkì, mo tì í pa fún àkókò kan kó lè jẹ èlé. Láti ìgbà tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti dín èlé kù láti 27.50% sí 27% ní September 2025, báńkì mi ti pè mí pé èlé tèmi náà máa wálẹ̀ tí fíìsì yìí bá pé. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n kó gbogbo ẹ̀ sí ṣíà. Bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù kan nínú ẹ̀ ni màá fi kó ọjà ọdún, òmíràn wà fún owó iléèwé àbúrò ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe? Àti pé 27% yẹn, kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò fún mi rí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbéèrè tẹ́ ẹ fi parí yẹn bẹ̀rẹ̀.

27% kì í ṣe èlé tèmi tẹ̀yin. Ìgbìmọ̀ kan ní CBN, tí gómìnà báńkì náà, Olayemi Cardoso, jẹ́ alága fún, ló ń fẹnu kò lé e lórí, àwọn báńkì ló sì ń lò ó. Báńkì tówó bá tán lọ́wọ́ ẹ̀ lè yá lọ́dọ̀ CBN. Èyí tówó pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lè gbé e sùn síbẹ̀. Níbi ìpàdé September yẹn, wọ́n ní ẹni tó bá yáwó á san 29.5%, ẹni tó bá gbé owó sùn á gba 24.5%.

Ẹ máa ní kí wọ́n wá fún yín ní 24% nígbà náà. Ẹ wò ó báyìí: nínú ₦100 tí oníbàárà bá kó sí báńkì, CBN ń gba ₦45 sílẹ̀, kò sì san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. (₦50 ni tẹ́lẹ̀, ìpàdé yẹn náà ni wọ́n ti dín in.) Báńkì fi ₦55 ṣòwò, àmọ́ orí ₦100 ló ti máa san èlé yín. Bí ẹni tó ra ogún ìdì aṣọ ni, tí wọ́n ní kó fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ sí wíhàsì, kó fi mọ́kànlá tó kù wá èrè ogún. N ò gbè sẹ́yìn báńkì o. Ẹ lọ yáwó lọ́dọ̀ wọn, ẹ máa gbọ́ èlé tó kọjá 30%, wọn ò sì ní ṣe tìkọ̀ kí wọ́n tó pè é. Ti àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán tún kéré sí i: ohun tí CBN ní kí wọ́n san, ó kéré tán, ni ìdá 30% èlé CBN fúnra ẹ̀. Nígbà tí ti CBN jẹ́ 27%, ìyẹn já sí 8.1%.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ọjà kì í dúró de CBN. Treasury bill ọlọ́dún kan, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yáwó, ju 22% lọ ní January 2025. Kó tó di September, ó ti bọ́ sí abẹ́ 20%, bẹ́ẹ̀ CBN ò tíì fọwọ́ kan èlé láti November 2024. Àwọn olówó ńlá ti rí i pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ń rọlẹ̀, wọ́n sì tètè ra treasury bill tiwọn, ìyẹn ló fa èlé ẹ̀ wálẹ̀. 0.5% tí CBN yọ, tẹ́ ẹ gbọ́ nínú ìròyìn yẹn, ọjà ti jẹ ẹ́ dà nù kí wọ́n tó kéde ẹ̀. CBN gan-an ò sì jẹ́ dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi ìpàdé yẹn nítorí àwọn àjèjì tó kó dọ́là wá jẹ èlé wa. Tí wọ́n bá kó o lọ lẹ́ẹ̀kan, náírà ló máa fara gbá a.

Ní ti ṣíà, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé bí èlé bá gòkè, ṣíà á wálẹ̀, bí èlé bá wálẹ̀, ṣíà á gòkè. Ní 2024, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni CBN fi kún èlé, láti 18.75% dé 27.50%, síbẹ̀ ọjà ṣíà Èkó fi ohun tó ju 37% gòkè lọ́dún yẹn. Náírà ti já, ọ̀wọ́n gógó ti kọjá 30%, àwọn èèyàn wá ń sá sábẹ́ ilé iṣẹ́ tó lè fowó kún ọjà ẹ̀. Àmọ́ nínú ọdún yẹn kan náà, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn ọjà ṣíà náà, tó kọjá 100,000 ní January, já wálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ padà ní April. Ẹni tó jẹ́ pé April ló fẹ́ san owó iléèwé ńkọ́? Ẹ sọ fún ọmọ yín náà pé ṣíà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè rẹpẹtẹ á mí kanlẹ̀ bí èlé bá ń wálẹ̀. Báńkì tó ń jẹ èrè lórí treasury bill, èrè ẹ̀ á fà sẹ́yìn díẹ̀.

Bọ́ǹdì ìjọba, ìwé tí ìjọba fi ń yáwó fún ọdún púpọ̀, ló máa ń ya oníbàárà mi lẹ́nu jù. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ra èyí tó ń san 13% lọ́dún. Nígbà tó ku ọdún márùn-ún kó pé, èlé ọjà ti gun 18%, bàbá ní ká bá àwọn tà á. Mo ṣírò ẹ̀ lójú wọn: ₦100 ti di nǹkan bíi ₦84. Wọ́n bínú gan-an, wọ́n rò pé mo ti jẹ lára ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, bàbá, tuntun tó ń san 18% wà níta, ta ló fẹ́ ra ti 13% yín bí ẹ ò bá já owó ẹ̀ wálẹ̀?" Wọn ò tà á mọ́. Wọ́n ṣì ń gba 13 wọn, tó bá sì pé, ₦100 ni ìjọba máa dá padà. Tí èlé bá wá ń wálẹ̀ bíi ti ìsinsìnyí, òdìkejì ẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀: bọ́ǹdì àtijọ́ á máa wọ́n sí i.

Ó wá kan owó yín. Mílíọ̀nù ọjà ọdún, ẹ jẹ́ kó wà ní fíìsì oṣù mẹ́ta tó máa pé kẹ́ ẹ tó lọ kó ọjà, kódà bí èlé ẹ̀ bá tiẹ̀ wálẹ̀. Ti iléèwé, èmi á fi ra treasury bill ọlọ́dún kan, torí pé èlé tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ lónìí ò ní yí padà títí á fi pé, bó ti wù kí CBN ṣe. Iwájú ni wọ́n ti ń san èlé ẹ̀. Ká ní 17% ni, ẹ máa san nǹkan bíi ₦830,500, wọn á dá mílíọ̀nù kan padà fún yín. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ lórí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín gan-an, ó lé ní 20%. Ẹ má fi wé fíìsì tó ń san 18% kẹ́ ẹ wá rò pé fíìsì ló ju. Mílíọ̀nù kẹta tí ẹ ò dárúkọ iṣẹ́ fún ni ọmọ yín lè bá yín fi ra ṣíà tàbí bọ́ǹdì, bó bá jẹ́ pé ẹ lè gbàgbé ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé fíìsì tuntun, ẹ bi wọ́n pé, "Tí mo bá gba owó mi kó tó pé, èló lẹ máa yọ? Èlé tẹ́ ẹ pè yìí, ṣé ẹ ti yọ owó orí 10% kúrò lára ẹ̀ ni àbí ẹ ò tíì yọ ọ́?" Ọmọ báńkì tó ń pè yín lórí fóònù yẹn mọ ìdáhùn méjèèjì, kì í kàn sọ ọ́ bí wọn ò bá bi í ni.