Delegate nínú C#: ṣé mi ò kàn lè pe method náà tààrà ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi C# kọ software kékeré kan fún ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi. Tí owó bá wọlé, ó máa tẹ rìsíìtì, á fi SMS ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà, á sì yọ ọjà kúrò nínú iye tó wà nílẹ̀. Method (apá kóòdù tó ní orúkọ, tó ń ṣe iṣẹ́ kan) ni mo fi kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Inú GbaOwo, method tó ń gba owó wọlé, ni mo ti pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan wá ní kí n lo delegate. Kí ló fẹ́ bá mi ṣe?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ method kan ṣoṣo tí kò ní yí padà ni, pè é tààrà jàre, má dara ẹ láàmú. Àmọ́ tìẹ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́la àǹtí ẹ á ní òun ò fẹ́ SMS mọ́, WhatsApp lòun fẹ́, ìwọ náà á tún lọ tú GbaOwo palẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lowó wà, kì í ṣe ibi téèyàn ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́.

Mú delegate bíi nọ́ńbà fóònù. Tí mo bá fún ẹ ní nọ́ńbà télọ̀ mi, o ti ní in lọ́wọ́, o ò tíì pè é. Delegate náà di method mú pẹ̀lú object tó ni ín, títí ẹnì kan á fi pè é. GbaOwo ò ní mọ̀ bóyá rìsíìtì ni àbí SMS, nọ́ńbà tí wọ́n bá ti fún un ló máa pè.

Action<decimal> leyinOwo = TeRisiiti;
leyinOwo += FiSms;
leyinOwo += YoOja;

Nínú GbaOwo, ìlà kan péré ló kù: leyinOwo?.Invoke(iye);

Wò ó dáadáa, kò sí () lẹ́yìn TeRisiiti. Tó o bá fi síbẹ̀, o ti tẹ nọ́ńbà yẹn nìyẹn, compiler (ohun tó ń tú kóòdù ẹ sí èdè kọ̀ǹpútà) á sì pariwo. Action<decimal> yẹn ni irú delegate tá a lò, torí náà method tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gba decimal kan (nọ́ńbà tó lè ní ẹ̀sún, bí iye owó), kó má dá nǹkan kan padà. Tó o bá fẹ́ kó dá nǹkan padà, Func ni kó o lò. Àmì ?. yẹn, C# 6 ló gbé e dé lọ́dún 2015, òun ni kì í jẹ́ kí program kú tí kò bá sí method kankan nínú ẹ̀.

Ibi tó ti jẹ mí níyà rèé. Bó o ṣe tò wọ́n ló máa ń pè wọ́n, tí ọ̀kan bá ju exception (ìyẹn àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí program ń ṣiṣẹ́) tí kò sì sí ohun tó mú un, àwọn tó kù ò ní ṣiṣẹ́ rárá. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo ṣe é fún, nẹ́tíwọ̀kì SMS dákú fún ọjọ́ méjì, owó ń wọlé, ọjà ò yọ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pe ọmọ tó ń bá wọn tajà lólè. Èmi ni mo jẹ̀bi. Nítorí náà yọ ìlà kẹta yẹn kúrò, pe YoOja tààrà nínú GbaOwo kí leyinOwo tó bẹ̀rẹ̀, torí ọjà yíyọ kì í ṣe ohun tó lè yẹ̀. Rìsíìtì àti SMS ni kó o fi sílẹ̀ fún delegate, kó o sì fi GetInvocationList(), tó ń to gbogbo method inú delegate síta, mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú ní try/catch tiẹ̀ tó máa mú àṣìṣe ẹ̀, kó má bàa dí èyí tó kù lọ́wọ́.

Tí class míì (apá program míì tó ní àwọn method tiẹ̀) bá tún máa fi tiẹ̀ kún un, kọ ọ̀rọ̀ náà event síwájú Action níbi tó o ti kéde leyinOwo nínú class, kó má bàa ṣeé fi = rọ́pò láti ìta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnì kan á ṣèèṣì tẹ = níbi tó yẹ kó tẹ +=, gbogbo èyí tó o ti tò síbẹ̀ á pòórá.