Ẹ má fi ìràwọ̀ èjìká wọn ọ̀gágun

Ìwọ tó bèèrè bóyá Generalmajor Jámánì ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì àti Méjọ̀ Jẹ́nẹ́rà Amẹ́ríkà jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà: rárá o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ṣètò ìjókòó àwọn ọ̀gágun níbi tí ọmọ ogun orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé orí Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà lọ sókè.

Kà á wò. Ní Amẹ́ríkà, Bírígédíà Jẹ́nẹ́rà oníràwọ̀ kan ló tẹ̀lé Kọ́nẹ́ẹ̀lì, kó tó kan Méjọ̀ Jẹ́nẹ́rà oníràwọ̀ méjì. Jámánì ìgbà yẹn kò ní Bírígédíà Jẹ́nẹ́rà. Generalmajor ló tẹ̀lé Kọ́nẹ́ẹ̀lì tààrà. Lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti fi ìpele kan kún un, Generaloberst, lábẹ́ Fíìdì Máṣàlì. Síbẹ̀, àwọn Generalmajor kan darí odindi dífíṣọ̀n (ẹ̀ka ńlá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun), iṣẹ́ tó jẹ́ ti Méjọ̀ Jẹ́nẹ́rà ní Amẹ́ríkà, nítorí náà máa wo iṣẹ́ pẹ̀lú oyè. Rọ́ṣíà ṣì ń lo irú ètò yìí títí dòní: ìràwọ̀ kan ni Méjọ̀ Jẹ́nẹ́rà wọn ní, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Jẹ́nẹ́rà sì ní mẹ́ta. Jámánì fúnra rẹ̀ ti pa á tì. Brigadegeneral wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn ti òde òní.

Ti Faransé ló ń tan èèyàn jù. Général de brigade, ìpele àkọ́kọ́ pàá, ìràwọ̀ méjì ló ń lò. Oníràwọ̀ mẹ́rin wọn, général de corps d'armée, ẹgbẹ́ oníràwọ̀ mẹ́ta Amẹ́ríkà ni. Bí o bá ka ìràwọ̀ fún wọn, gbogbo ìlà ìjókòó ló máa dàrú. Ọ̀gágun náà lè má sọ nǹkan kan, àmọ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ á wá bá ọ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Bírígédíà Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Nílé, wọn kì í kà á mọ́ àwọn jẹ́nẹ́rà. Nínú àtẹ oyè NATO, àjọ ológun Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà, OF-6 ni, ìyẹn ìpele tó tẹ̀lé ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì, òun àti Bírígédíà Jẹ́nẹ́rà Amẹ́ríkà. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá tò ó mọ́ àwọn Kọ́nẹ́ẹ̀lì.

Ibi kan wà tí kíkà nìkan kò tó. Rav aluf Ísírẹ́lì, Lẹ́fútẹ́náǹtì Jẹ́nẹ́rà ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, oyè tó jẹ́ ti oníràwọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ òun ni olórí gbogbo ọmọ ogun wọn. Níbi ìpàdé àwọn olórí ogun, èmi á fi í sáàárín àwọn oníràwọ̀ mẹ́rin, torí ipò olórí yẹn ló gbé e débẹ̀.