Káńsù Wa Ń Kógbá Wọlé: Gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ Wa Ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ Yorùbá kan ní ìlú kékeré kan ní Essex. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a sì máa ń se oúnjẹ fún àwọn àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yálà ọmọ Yorùbá ni wọ́n tàbí òyìnbó. Gbọ̀ngàn káńsù ni a ń lò. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, wọ́n sì máa ń fún wa ní £1,500 lọ́dọọdún. Ní báyìí, a gbọ́ pé káńsù wa ò ní sí mọ́, àti pé Méyọ̀ kan ṣoṣo ló máa wà fún gbogbo Essex. Ṣé owó wa àti gbọ̀ngàn wa ti lọ nìyẹn? Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ǹlẹ́ o, mà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú àgbà.

Rárá, wọn ò tíì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó máa mú kí wọ́n wà títí kò sí lọ́wọ́ káńsù nìkan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín.

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀, táwọn èèyàn sì ń pè ní nǹkan kan. Ìjọba ní London fẹ́ gbé lára agbára àti owó rẹ̀ lé ọwọ́ Méyọ̀ tí gbogbo agbègbè máa dìbò yàn. Ìjọba kan náà tún fẹ́ da àwọn káńsù kéékèèké pọ̀ di ńlá. Inú ìwé ètò tí wọ́n gbé jáde ní December 2024 ni méjèèjì ti jáde. Káńsù 15 ló wà ní Essex: káńsù county, àwọn 12 tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti Southend pẹ̀lú Thurrock tó dá dúró. Gbogbo wọn ló máa kógbá wọlé, tí àwọn tuntun díẹ̀ á sì rọ́pò wọn. April 2028 ni ètò fi sí pé káwọn tuntun gba iṣẹ́, àmọ́ ọdún kan ṣáájú ni wọ́n máa ti dìbò yan àwọn káńsẹ́lọ̀ wọn. Dídà pọ̀ yìí ló kan gbọ̀ngàn yín jù, òun ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní April 2021, káńsù mẹ́jọ ló parẹ́ ní Northamptonshire, méjì sì gba ipò wọn. Kò sí ilé kan tó sọ nù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gbèsè kan tó sọ nù. Òfin ló kó gbogbo àdéhùn, ilé àti gbèsè àwọn ti àtijọ́ lé àwọn tuntun lọ́wọ́. Bó ṣe máa rí ní Essex náà nìyẹn. Tí ẹ bá ní ìwé àdéhùn tí káńsù fọwọ́ sí lórí gbọ̀ngàn yẹn, káńsù tuntun á di onílé yín, á sì tẹ̀ lé àdéhùn náà títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Bákan náà ni owó £1,500, tó bá jẹ́ pé ìwé wà tó sọ pé títí di ọdún báyìí ni wọ́n á máa san án.

Ṣé ìwé wà, mà? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn nìyẹn, torí pé nínú lẹ́tà yín, ẹ sọ pé ẹ “ń lò” gbọ̀ngàn náà, ẹ ò sọ pé ẹ yá a. Mo ti jókòó ti ẹgbẹ́ kan tó lo gbọ̀ngàn fún ọdún mọ́kànlá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ káńsù kan. Èèyàn dáadáa ni ọkùnrin náà, ó sì ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Oṣù méjì ṣáájú ìdàpọ̀ ló fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bọ́ sípò rẹ̀ béèrè ìwé, kò sí nǹkan kan. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n padà ṣe ìpàdé sí fún oṣù mẹ́jọ. Ẹnikẹ́ni ò ṣe búburú sí wọn níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ wọ́n ló kàn ti lọ sílé. Nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, bàbá mi tó jẹ́ tíṣà pààrà Ìbàdàn sí Òṣogbo títí ó fi sú u, nítorí fáìlì kan ṣoṣo. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé tí ìjọba bá ń kó ẹrù, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí kó.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé káńsù, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: ọjọ́ wo lẹ ń lò ó, èló lẹ ń san, títí di ìgbà wo. Ẹ kó rìsíìtì ọdún mẹ́sàn-án jọ, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìpàdé àti í-meèlì tó bá mẹ́nu kan gbọ̀ngàn náà. Tí wọ́n bá gbà láti fún yín ní àdéhùn ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbà á kíákíá. Òfin fàyè gbà wọ́n láti fún ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlú láǹfààní ní ilé ní owó tí kò tó iye tó yẹ kó jẹ́. Àmọ́ bí ọjọ́ ìdàpọ̀ bá ti ń sún mọ́lé, ìjọba lè pàṣẹ pé káńsù tó ń lọ kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ tí owó rẹ̀ ju £100,000 lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀. Tiyín ò tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Síbẹ̀, tí irú àṣẹ yẹn bá ti wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ fọwọ́ sí ohunkóhun mọ́, ì báà jẹ́ àdéhùn yàrá kan.

Orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sínú ìwé náà? Tí ẹgbẹ́ yín bá jẹ́ ẹgbẹ́ lásán tí kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, kò lè yá ilé ní orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ ẹ̀yin, ti alága àti ti akápò ni wọ́n máa kọ, ọrùn yín sì ni gbèsè máa wà. Ẹ sọ ọ́ di CIO, ìyẹn ẹgbẹ́ aláàánú tó lè ṣe àdéhùn ní orúkọ ara rẹ̀, lọ́dọ̀ Charity Commission, ilé iṣẹ́ tó ń forúkọ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú lásán kò ní láti forúkọ sílẹ̀ àfi tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £5,000 lọ lọ́dún, ṣùgbọ́n CIO lè forúkọ sílẹ̀ bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ó máa gba oṣù díẹ̀, kò sì ná yín ní owó ìforúkọsílẹ̀ kankan.

Ti £1,500 yẹn le díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Tí àdéhùn bá ti parí, kò sí òfin tó ní kí káńsù tuntun tún un ṣe. Káńsù tó jogún ìlú mẹ́ta mẹ́rin á rí i pé iye tí oníkálukú ń gbà lórí gbọ̀ngàn yàtọ̀ síra, á sì fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀kan náà. Ìbẹ̀rù mi nìyí, torí pé ẹni tó jókòó jìnnà síbi tí ọmọ ti ń ka “A, B, D” kì í tètè rí ohun tí £1,500 ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣí tí kò sí tẹ́lẹ̀. Títí di òní, káńsù kékeré ló ni gbọ̀ngàn yín, county ló sì ń náwó lórí ìtọ́jú àwọn arúgbó. Tí oúnjẹ yín bá mú kí ìyá kan jáde nílé, kó rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, kó má ṣubú nínú yàrá láìrẹ́ni mọ̀, àpò county nìyẹn ràn lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ àpò ẹlòmíràn ló ń gbé gbọ̀ngàn náà. Káńsù tuntun ló máa ni àpò méjèèjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ láti oṣù yìí: àgbà mélòó ló wá, mélòó ló ń dá gbé, mélòó ni ẹ pe dókítà fún. Ìwé kan tó ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ á wúlò fún yín ju ogún fọ́tò ayẹyẹ lọ. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn fọ́tò.

Ẹ tún ṣọ́ bóyá ìlú yín máa ní káńsù ìlú tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún Northampton ní 2021 nígbà tí káńsù borough ibẹ̀ parẹ́. Irú wọn ló sábà máa ń fún ẹgbẹ́ kéékèèké ní owó díẹ̀díẹ̀.

Ó wá ku Méyọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò, ilé kíkọ́ àti ẹ̀kọ́ àgbà ló máa ń wà lọ́wọ́ irú wọn. Ní Greater Manchester, níbi tí káńsù mẹ́wàá ti para pọ̀ láti 2011, tí wọ́n sì dìbò yan Méyọ̀ ní 2017, owó ẹ̀kọ́ àgbà bọ́ sọ́wọ́ wọn ní August 2019. Nínú irú owó yẹn ni ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún àgbà ti ń jáde. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n máa ń gbé jáde, ẹgbẹ́ yín nìkan ò lè gbà á, àfi kí ẹ wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tó tóbi. Àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ kóra jọ, wọ́n sì bá àwọn aláṣẹ agbègbè náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 2021 lórí bí wọ́n á ṣe máa bá ara wọn ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ lọ darapọ̀ mọ́ CVS àdúgbò yín, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Àwọn ni wọ́n máa pè tí wọ́n bá ń to tábìlì.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀: ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níhìn-ín lábẹ́ físà lè dìbò yan káńsẹ́lọ̀ àti Méyọ̀, nítorí pé ọmọ Commonwealth ni wá. Kò dìgbà tí ẹ bá gba ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba. Ẹ jẹ́ kí gbogbo òbí tó ń gbé ọmọ wá ní Sátidé forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin 2011, ẹgbẹ́ tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lè ní kí káńsù kọ gbọ̀ngàn sínú ìwé àwọn ilé tó ṣe pàtàkì fún ìlú, bó bá ti ní ọmọ ẹgbẹ́ 21 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò àdúgbò. Tí wọ́n bá gbà á, ọdún márùn-ún ni yóò fi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á láàárín ìgbà yẹn, ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti sọ pé ẹ fẹ́ ra á. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n á fi dúró kí ẹ lè wá owó.

Tí ẹ bá rí ìwé kankan tó ní ọjọ́ àti ìfọwọ́sí lórí, bó ti wù kó gbó tó, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó lọ bá káńsù. N ó kà á fún yín.