Àbúrò Ọkọ Mi Fẹ́ Sá Igbó Ní Ahéré Mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ìdànrè ni mo wà. Àbúrò ọkọ mi ní kí n yá òun ní ahéré tí mo ń kó kòkó sí lóko, kí òun fi sá igbó tí wọ́n ń mu, tí òun kórè, torí ojú ti pọ̀ jù nílé òun. Ó ní òun á fún mi lówó. — Ìyá Bọ́lá

Ìdáhùn: Ìyá Bọ́lá, ẹ má yá a. Òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, tó ti wà láti 1989 kò mọ sórí ẹni tó gbìn ín. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú igbó sí ibùdó rẹ̀, òun náà yóò rojọ́. Ta ni gbogbo oko mọ̀ sí oní ahéré? Ẹ̀yin ni. Owó tí ẹ bá gbà, ẹ̀rí ni yóò dà.

Ká tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Kòkó a máa fa òórùn mọ́ra: èéfín, epo, ohunkóhun. Bí ẹni tó ń ra kòkó bá bu ẹ̀kúnwọ́ nínú àpò yín, tó gbé e símú, tó gbóòórùn igbó, áá ní kí ẹ máa gbé e lọ ni.

Ojú ọkọ yín ni kí ẹ ti sọ fún àbúrò wọn pé ẹ kò yá a, kí wọ́n má baà ní ìyàwó ló ń da ẹbí rú. Kí ẹ sì pààrọ̀ àgádágodo ahéré náà. Irú wọn kì í gbọ́ “rárá” lẹ́ẹ̀kan.