DGESV, OpenBLAS àti láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára: ìdáhùn fún àbúrò tó ń ṣe inversion ní Ifẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ ní Ifẹ̀ gbé prógíráàmù Fortran àtijọ́ kan fún ọ láti ṣe inversion, ìyẹn fífi ohun tí a wọ̀n lórí ilẹ̀ ṣírò ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀; DGESV ló fi ń yanjú ìdọ́gba. O lọ dáúnlóòdù LAPACK (àkójọ iṣẹ́ Fortran fún ìṣirò mátíríìsì, inú rẹ̀ ni DGESV wà) ní ibùdó netlib lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, o tẹ make, ó ní òun ò rí make.inc. Nígbà tó yá, "undefined reference to `dgesv_'" ló kún ojú terminal. Wọ́n ti wá ń sọ fún ọ pé kó o lọ ra láptọ́ọ̀pù tuntun. Má rà á o. Èmi ni wọ́n máa ń pè wá wo abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ borehole, láti Modákẹ́kẹ́ títí dé Iléṣà, RAM 4GB ló wà nínú láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń jẹun.

Gbé èyí tó o dáúnlóòdù yẹn tì ná. Kì í ṣe pé kò dáa. LAPACK ti netlib ni ìyá gbogbo wọn: ọdún 1992 ló kọ́kọ́ jáde, ó gba ipò LINPACK àti EISPACK tí wọ́n ti ń lò láti àwọn ọdún 1970, ọ̀fẹ́ sì ni títí dòní. Jack Dongarra, tó wà lára àwọn tó kọ ọ́, ló gba ẹ̀bùn Turing ti 2021. Ṣùgbọ́n BLAS (iṣẹ́ ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì tí LAPACK gbé ara lé) tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n kọ ọ́ kí ìdáhùn lè tọ̀nà ni, wọn ò kọ ọ́ kó lè yára. Tó o bá ṣì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ kọ́ ọ, àṣẹ tí wọn ò sọ fún ọ ni cp make.inc.example make.inc, lẹ́yìn náà make blaslib lapacklib. Má tẹ make lásán, torí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán gbogbo ẹ̀ wò, NEPA á sì ti mú iná lọ kó tó ṣe tán.

Ohun tí èmi ń ṣe lórí Ubuntu kò ju èyí lọ: sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt install gfortran libopenblas-dev. OpenBLAS ni BLAS tí wọ́n kọ kó lè yára, inú rẹ̀ náà ni LAPACK wà, o ò nílò òmíràn. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, tún tẹ àṣẹ kan náà, ibi tó dúró sí ló ti máa mú un. Tí ọ̀rẹ́ rẹ kan ò bá ní dátà, kó o tó fi sórí tìrẹ, fi --download-only kún àṣẹ yẹn. Àwọn fáìlì .deb á wà ní /var/cache/apt/archives, kó wọn sórí flash, kí òun tẹ sudo dpkg -i *.deb lọ́dọ̀ tirẹ̀. Kí Ubuntu yín ṣáà ti jẹ́ ẹ̀dà kan náà.

Ṣùgbọ́n má gba libopenblas.so tí ẹnìkan kọ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá inú láàbù. Tí wọ́n bá ń kọ́ OpenBLAS, irú processor tó bá bá níbẹ̀ ló ń wò, òun náà ló sì máa ń kọ́ ara rẹ̀ fún, àyàfi tí wọ́n bá fi DYNAMIC_ARCH=1 sí i. Tó o bá gbé irú rẹ̀ wá sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́, "Illegal instruction" ni wàá rí, prógíráàmù á sì kú síbẹ̀. Èyí tó ti apt wá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, oríṣiríṣi ló kó wá, á mú èyí tó bá processor rẹ mu.

Ti "undefined reference" yẹn rọrùn. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni gfortran inv.f -o inv -lopenblas. Orúkọ láíbìrì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn orúkọ fáìlì rẹ. Láti òsì sí ọ̀tún ni linker, èyí tó ń so prógíráàmù pọ̀ mọ́ láíbìrì, ń kà á; tó bá kan láíbìrì nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, á fò ó kọjá. Ìlà kékeré tó wà nídìí dgesv_ kì í ṣe àṣìṣe, gfortran ló ń fi í síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, má gbà pé OpenBLAS lò ń lò títí o fi rí i. Tẹ ldd ./inv | grep blas, á sọ láíbìrì tí prógíráàmù ń lò. Tí libopenblas.so.0 bá jáde, ó tán. Tó bá jẹ́ libblas.so.3 lo rí, ó lè jẹ́ èyí tí kò yára ló wà lẹ́yìn orúkọ yẹn. Àṣẹ sudo update-alternatives --config libblas.so.3-x86_64-linux-gnu ni wàá fi yan openblas, kó o sì ṣe bákan náà fún liblapack.so.3-x86_64-linux-gnu. Mo ti bá àwọn kan tún un ṣe ní Lágéré tí wọ́n ti ń bú láptọ́ọ̀pù wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Tí mátíríìsì bá tóbi, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè lé ní ìlọ́po mẹ́wàá. Èyí tí kò yára dà bí ẹni tó ń lọ sóko mú iṣu kọ̀ọ̀kan wálé. OpenBLAS á di kún agbọ̀n, á sì lo gbogbo ohun tó wà nínú agbọ̀n tán kó tó padà sínú RAM.

Lórí RAM, ṣírò rẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Baiti 8 ni nọ́ḿbà double kọ̀ọ̀kan. Mátíríìsì 10,000 lọ́nà 10,000 jẹ́ 800MB, 20,000 lọ́nà 20,000 ti di 3.2GB, láptọ́ọ̀pù tèmi ò ní gbà á. Tó bá sì jẹ́ bátìrì lò ń lò, tẹ export OPENBLAS_NUM_THREADS=1, kó má lò ju core processor kan lọ. Fún mátíríìsì kéékèèké, ó tiẹ̀ lè yára jù bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Fífi sórí kọ̀ǹpútà kọ́ ni iṣẹ́ yìí, pípè é ni.

Wọ́n gbé mi lọ síbi ilẹ̀ kan ní Iléṣà, lọ́nà Àkúrẹ́. Irú prógíráàmù tí wọ́n gbé fún ọ yẹn náà ni mo bá lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà kí n tó dé. Mo pín abẹ́ ilẹ̀ náà sí búlọ́ọ̀kù 40, mo sáré inversion, INFO (nọ́ḿbà tí DGESV fi ń jábọ̀) ní 0, ìyẹn ni pé kò sí wàhálà. Mo wo ìdáhùn, búlọ́ọ̀kù bíi mélòó kan ní resistivity (bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná mànàmáná tó) tó kéré sí òdo. Kò sí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láyé. Onílẹ̀ sì dúró tì mí, Ìjẹ̀ṣà ọmọ Òṣómàáló, ẹni tí kò ní jẹ́ kó o fowó òun gbẹ́ ihò gbígbẹ. Òkúta ló sì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa. Ibi tí òkúta ti jẹrà tàbí tó ti sán nìkan ni omi wà, tó o bá fi mítà díẹ̀ ṣì í, eruku lo máa gbẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Prógíráàmù yẹn pe mátíríìsì náà ní A(200,200), ṣùgbọ́n N (iye búlọ́ọ̀kù, 40) ló fi sípò LDA nígbà tó ń pe DGESV. Òpó-òpó ni Fortran ń to nọ́ḿbà sínú RAM, kì í tò ó ní ìlà-ìlà, LDA ló sì ń sọ fún DGESV ibi tí òpó tó kàn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé 40 ni, ó mú nọ́ḿbà kọkànlélógójì inú òpó àkọ́kọ́, ó pè é ní orí òpó kejì. Pàǹtí iṣẹ́ tí a ṣe ṣáájú ló wà níbẹ̀, kì í ṣe òdo, ìyẹn ni INFO kò fi pariwo. LDA gbọ́dọ̀ jẹ́ 200, bí A ṣe tóbi nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀, bó ti wù kí ohun tó o lò níbẹ̀ kéré tó.

Wàá gbọ́ pé kó o fi log resistivity ṣe é kó má bàa lọ sábẹ́ òdo. Òótọ́ ni, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n dán DGESV wò ṣáájú, torí log á bo irú àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀ dáadáa, wàá kàn rí nọ́ḿbà tó dà bí òótọ́ ni. Bí mo ṣe ń dán an wò: mo ṣe àròpọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú A, mo fi í ṣe B, apá ọ̀tún ìdọ́gba náà. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 láti òkè délẹ̀. Jẹ́ kí N kéré sí 200 tó o bá ń dán an wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o ò ní rí àléébù náà. Ṣe àdàkọ A pa mọ́ pẹ̀lú, torí DGESV á kọ nǹkan mìíràn lé e lórí, á sì fi ìdáhùn rọ́pò B. Wo orí prógíráàmù náà dáadáa: tí REAL bá wà níbi tó yẹ kí DOUBLE PRECISION wà, gfortran lè má sọ nǹkan kan, ìdáhùn á kàn dàrú.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kó o bá ọ̀gá rẹ sọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Prógíráàmù yín ń ṣe JᵀJ kó tó pe DGESV; J ni mátíríìsì tó ń sọ bí dátà ṣe ń yí tí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan bá yí, Jᵀ ni J tí a sọ ìlà rẹ̀ di òpó. Tí condition number J (ìwọ̀n bí àṣìṣe kékeré ṣe lè di ńlá) bá jẹ́ 10⁶, ti JᵀJ di 10¹²; nínú bíi díjíìtì 16 tí double ní, 4 péré ló kù fún ọ. Tó bá jẹ́ 10⁸, kò ku nǹkan kan. Damping (nọ́ḿbà λ tí a fi kún un kí ìdáhùn má bàa fò káàkiri) ń dín in kù, ṣùgbọ́n DGELS, tó wà nínú LAPACK náà, ló sàn jù: fi √λ lọ́nà I sábẹ́ J, fi òdo sábẹ́ dátà, kó o gbé gbogbo ẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀. QR ló ń lò, kò ní ṣe JᵀJ rárá. Kọ́kọ́ pè é pẹ̀lú LWORK = -1, á fi ìwọ̀n àyè tó nílò sínú WORK(1), kó o tó wá pè é ní tòótọ́. Inú B, láti orí títí dé N, ni ìdáhùn wà.

Ẹni tó béèrè nípa Python lábẹ́ ìbéèrè rẹ, numpy tó ti pip wá ti gbé OpenBLAS lọ́wọ́, np.show_config() á fi hàn án. Kí ó lo np.linalg.lstsq, kó má fi np.linalg.inv ṣe é.

Tó bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, lẹ ìlà tó o fi kọ́ńpáìlì síbí, pẹ̀lú ohun tí ldd sọ, ìlà tó pe DGESV àti ibi tí wọ́n ti kéde A. Alẹ́ ni mo máa ń wọlé, tí iná bá wà.